Ibi Tí Ọkọ̀ Tuntun Máa Sùn

“Níbo ni ọkọ̀ náà máa sùn?”

Ọmọ ọdún mẹ́fà ló bèèrè. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá rẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń so okùn mọ́ ẹnu báágì kẹrin. Yàrá tí wọ́n fẹ́ kó lọ kò ní àgbàlá, ọ̀nà iwájú ibẹ̀ kò sì gbà ju kẹ̀kẹ́ lọ.

“Ká kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ọ̀hún gbà ná,” ni bàbá wí.

Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ lé ẹni tó fẹ́ kó wọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gbé báágì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Àpòòwé méjì wà nínú àpò ìyá. Èyí tó nípọn jẹ́ ti ọkọ̀: iye tí ilé ìtajà kọ fún wọn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò lé, kò dín. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ ẹnì kan wà lára rẹ̀.

Oṣù kẹrin rèé tí bàbá ti jókòó sílé. Iléeṣẹ́ tó ń bá gbé èrò ti ní àwọn ò gba ọkọ̀ àtijọ́ mọ́. Ọ̀la ni gbèdéke. Bí kò bá gbé ọkọ̀ tuntun dé kí aago méje àárọ̀ tó lù, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Ibi ìtajà ọkọ̀ náà tóbi, ó sì ṣófo. Níbi tí ogójì ọkọ̀ ti máa ń tò, mẹ́ta péré ló wà, ọ̀rá ṣì wà lára àga wọn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń mu tíì.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà.” Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà wo báágì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Ṣé ibí lẹ ti máa gba ìrìn àjò lọ ni?”

“A ń kó ilé lónìí ni,” ni ìyá dáhùn.

“Ilé tuntun, ọkọ̀ tuntun, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ta díẹ̀ fún mi nínú oríire yín.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Ìlà tuntun kan wà lábẹ́ iye àtijọ́: Àfikún nítorí ọjà ò tó. Ó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún owó ọkọ̀.

Bàbá fi ìka sí i. “Kí lèyí?”

“Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́, sà. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ ọkọ̀, kò ju èékánná lọ. Òun ló wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọkọ̀ ò wọlé mọ́.”

“Eléyìí ti wọlé tipẹ́. Mo rí i níbí lóṣù tó kọjá.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ṣé o ò lè bá wa bẹ ọ̀gá rẹ?”

“Mo bá ìyá tó bí mi bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí màmá mi náà lọ tò sórí ìlà.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹni tó ń mu tíì lọ́hùn-ún yẹn ti ní òun á san án. Ó kàn ń dúró kí ẹ kọ̀ ni.”

Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Ìyá dìde, ó lọ sídìí ọkọ̀. “Ṣé àga ẹ̀yìn yìí máa ń tẹ́?”

“Ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, mà. Ẹrù yòówù lẹ lè kó síbẹ̀.”

“Gíláàsì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ará ìta lè rí inú?”

“Rárá, ó dúdú.”

“Oníbéèrè, wá síbí. Bọ́ bàtà rẹ, kí o nà gbalaja.”

Ọmọ náà nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀kùn. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

“Ṣé Oníbéèrè lorúkọ ẹ̀?” Ọ̀dọ́kùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. “Mo ti mọ ẹni tó fi jọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń mu epo làwọn oníbàárà tó kù máa ń bèèrè.”

Ìyá yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Oníbéèrè,” ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, “iṣẹ́ yín ló ṣáájú.”

Bàbá kò gbé ojú sókè. Ìyá yọ àpòòwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó gbé e lé èyí tó nípọn lórí. Ọ̀dọ́kùnrin náà ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

“Ṣé kì í ṣe owó ẹlòmíì lèyí, mà?”

“Ẹ máa kà á.”

Ó pé. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju owó epo lọ. Ọkùnrin oníkóòtù eérú gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Fóònù ìyá dún nígbà tí wọ́n ń kó báágì sínú bùùtù. Orúkọ tó yọ lójú rẹ̀ ni orúkọ ara àpòòwé, ti onílé yàrá tuntun. Ó ń wò ó títí tó fi dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe lálaalẹ́. Ó fi omi nu ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ta aṣọ fèrèsé tí wọ́n kó láti ilé àtijọ́. Ó tẹ́ aṣọ méjì léra wọn, ó ká súwẹ́tà tirẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Ó ní kí bàbá tètè sùn nítorí aago méje.

“Màámi, mo ti mọ ibi tí ọkọ̀ máa sùn.”

“Níbo ni?”

“Ọ̀dọ̀ wa.”

“Ọ̀dọ̀ wa náà ni. Sùn.”

Bàbá tẹ bọ́tìnnì ara kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì lẹ́ẹ̀kan náà, iná iwájú ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì sára ògiri tó wà níwájú wọn, ó dá àga awakọ̀ sẹ́yìn, gbogbo ilé sì sùn.