Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Lọ Wo Omi

Ní Ìdí-Emi, ìlú wa tó wà lẹ́bàá adágún ńlá, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu aráyé ń bà lẹ́rù tó èmi Ọláníran. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Àléébù mi ni, èmi náà ni màá sì fẹnu ara mi sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ ra bàtà lásán, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa sọ ni mo máa ń kọ́kọ́ rò.

Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Odindi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gun alùpùpù káàkiri àwọn abúlé etí adágún, tí wọ́n ń gbẹ̀bí fún àwọn aboyún. Lọ́dún tí wọ́n pé méjìdínláàádọ́rin, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi alùpùpù pupa tí wọ́n rà fún ara wọn yí adágún náà po, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí òjò tó dé wá ba ọ̀nà jẹ́. Wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: abúlé tí wọn yóò sùn, ibi tí wọn yóò ti ra epo, ibi tí omi ti dára jù lọ láti wò nírọ̀lẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kú níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló ń ṣègbéyàwó?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó. Omi ni mo fẹ́ lọ wò. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́, kòtò ojú ọ̀nà nìkan ni mò ń wò. Aboyún ń rọbí, ta ló ráyè wo omi?"

Háà! Ara mi gbóná. Ìyá àgbà gun máṣíìnì nítorí fàájì! Kí ni wọ́n máa sọ nípa ẹbí wa? Èmi àbúrò ni wọ́n fi ṣe olórí ẹbí, nítorí pé ọkùnrin ni mí. Mo bá pe ìpàdé, mo pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn.

"Níran, mo ti gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ."

Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe fárígá! Èmi náà ní kò ní ṣeé ṣe. Láàárọ̀ Sátidé, mo wa mọ́tò mi ṣíwájú wọn lọ sí Abà Olórò, níbi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ ra epo. Ìkánjú ò jẹ́ kí n wo epo tèmi, àṣé ó ti ń tán lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń ta epo lápá ibẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń tà á lábẹ́ igi. Mo là á mọ́lẹ̀ fún un pé arúgbó kan ń bọ̀ lórí alùpùpù, kó má ta epo fún un, kó ní ọ̀nà ti bàjẹ́ níwájú, kó lé e padà sílé.

"Kí lorúkọ arúgbó náà, sà?"

"Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀."

Obìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Sà, Abíọ́nà lorúkọ tèmi. Ojú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n bí mi sí. Nọ́ọ̀sì ń fi máṣíìnì wọn gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù, mi ò dúró dé ọ̀hún. Wọ́n bá tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀ létí omi, wọ́n gbẹ̀bí mi. Ẹ̀yin wá ní kí n parọ́ fún wọn? Ó tì o!"

"Má bínú, ọmọ mi. Ta epo fún mi kí n máa lọ."

"Epo wà. Tiyín ni mi ò ní tà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo halẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní ṣé ó mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó lọ ń sọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Bí mo ṣe jókòó sínú mọ́tò tí kò lè gbéra nìyẹn, táwọn èèyàn ń wá wò mí bí ẹni ń wo ọ̀bọ, títí alùpùpù pupa fi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí akoto orí wọn. "Níran! Kí lo wá ṣe níbí?"

Mo ní, "Omi... omi ni mo wá wò."

Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Abíọ́nà ò sì jẹ́ kọ́rọ̀ tutù, ó tú àṣírí mi fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Omijé lé ròrò sí wọn lójú. "Kí wọ́n lé mi padà sílé, Níran? Èmi?"

Ó dùn mí wọra. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, níṣojú gbogbo wọn.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Mi ò ní bá ọ bẹ̀ wọ́n fún epo, mi ò sì ní yí padà nítorí rẹ. Gun ẹ̀yìn."

Bí olórí ẹbí ṣe gun ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Kò sí abúlé tí a dé tí wọn ò sáré jáde wá kí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn géńdé ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì ló gbẹ̀bí mi!" Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó wo omi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé létí adágún yẹn, mi ò mọ̀ pé ó máa ń pọ́n bí epo pupa nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Ṣé aráyé sọ̀rọ̀? Wọ́n sọ ọ́ yó! Títí dòní, Bàbá Ẹ̀yìn Máṣíìnì ni wọ́n ń pè mí ní Ìdí-Emi. Kí ló kàn mí? Kò pa mí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sin àwọn ẹlòmíràn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé tó bá fẹ́ gbádùn ara rẹ̀. Bí ẹ̀rù ẹnu ayé bá ń bà yín, ẹ̀rù yín nìyẹn, ẹ má fi dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ ohun tóun fẹ́ yóò lọ, ẹ̀yin tí ẹ ní kó má lọ lẹ máa jókòó síbẹ̀ láìrí epo.