Ọ̀fìnkìn Bàbá Onílé

Láti ìgbà tí òfin ti sọ pé ẹni tó bá ń sùn jù nínú ilé ló ni ilé, Wúràọlá ti di ayálégbé ológbò rẹ̀. Bàbá Onílé ni gbogbo àdúgbò ń pe ológbò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Imú rẹ̀ dí, ipin lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì fẹnu kan oúnjẹ.

Wúràọlá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kán oògùn sí yín lójú."

Ọ̀já tó wà lọ́rùn Bàbá Onílé, tó ń túmọ̀ igbe ológbò sí èdè ènìyàn, dáhùn pé, "Bí ọwọ́ rẹ bá kàn mí, wàá kó jáde."

Wúràọlá sáré pe dókítà ẹranko. Dókítà ní, "Ológbò tí kò bá gbọ́ òórùn oúnjẹ kì í jẹ ẹ́, ìyá. Ebi lè pa Bàbá Onílé kí ọ̀fìnkìn tó pa wọ́n."

Wúràọlá fi tówẹ̀lì wé Bàbá Onílé bí ọmọ tuntun, ó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ipin kúrò, ó sì kán oògùn náà. Èékánná fa ọwọ́ rẹ̀ ya. Ó gbé e jókòó nínú ooru omi gbígbóná ní balùwẹ̀ títí imú rẹ̀ fi là.

"Kó jáde!" ni ọ̀já ọrùn ń pariwo.

Wúràọlá gbé ẹja gbígbóná sílẹ̀ fún un, ó sì ń fi omijé kó aṣọ ara rẹ̀ sínú páálí. Nígbà tó máa yíjú padà, Bàbá Onílé ti lá àwo ẹja mọ́ tónítóní, ó ti dùbúlẹ̀ sórí aṣọ nínú páálí.

"Ẹ dìde sà, mo fẹ́ máa lọ."

Bàbá Onílé la ojú méjèèjì wò ó. "Lọ síbo? Ta ló máa kán oògùn tìrọ̀lẹ́?"