Kókó Tí Kò Ní Egbò

Láràárọ̀, kí wọ́n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, Àwẹ̀ró a máa fi abẹ ya ẹsẹ̀ Akínlàjà, ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fara dà á, olówó orí mi."

Kókó tó bá wú lára èèyàn láìsí egbò tó fà á, ti àwọn oníwàádìí ni. Wọ́n á de onítọ̀hún, wọ́n á là á, wọn kì í sì í dá a padà.

Lẹ́nubodè, ẹ̀ṣọ́ tẹ kókó itan Akínlàjà, ó rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní kó kọjá. Ó wá fọwọ́ kan ọrùn Àwẹ̀ró.

"Màdáámù, kí ló fa kókó yìí?"

Àwọn oníwàádìí ti ń mú okùn bọ̀.

Àwẹ̀ró di irin ẹnubodè mú, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbá a, gbàgà! Ó tu eyín kan sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ṣọ́.

"Eyín ló ń dùn mí, sà."