Aránṣọ Tó Sá fún Ẹ̀rọ Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì kà á sétí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Aránṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fínnífínní, nítorí kò sẹ́ni tó lè rí àléébù lára aṣọ tó bá rán. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a rán bọ́tìnì. Ogún ọdún ni wọ́n fi jókòó kọjú síra wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi títí ó fi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ níbẹ̀, èyí tí kò tíì tàn kálẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣàlàyé fún un pé ihò kéékèèké mélòó kan làwọn máa lu sí ikùn rẹ̀, pé rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ kan tó ní apá irin, ni yóò gbé ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ wọlé láti gé jẹjẹrẹ náà kúrò, òun á sì máa darí rẹ̀. Ó ní kò ní pẹ́ tó fi máa padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì yìí ló bí i nínú. Ṣé òun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò tẹ́ ikùn sílẹ̀ fún irin tí kò mọ ìrora? Ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n rí, ó ní:

“Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n máa mu omi dáadáa.”

Inú obìnrin náà dùn. Ó gbà á gbọ́.

Ẹ gbọ́ o: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọsibítù pe fóònù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níṣojú ìyàwó rẹ̀, ó ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Ṣòkòtò ń jábọ́ ní ìdí rẹ̀, ó sì ń yọ́ rán wọn kéré sí i kí ìyàwó rẹ̀ má baà fura. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikùn rẹ̀ wú, ìgbẹ́ kò jáde, afẹ́fẹ́ kò jáde. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ti dí ìfun pa, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní láti la ikùn rẹ̀ gbàràgadà kí ìgbẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ òótọ́.

Kò bá a jà. Ó kàn béèrè pé, “Kí ló dé tẹ́ ẹ dá nìkan gbé e?”



Nígbà tó yá, ọkùnrin náà bẹ dókítà pé òun fẹ́ rí rọ́bọ́ọ̀tì náà. Lọ́jọ́ tí wọn kò lò ó, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í débẹ̀. Dókítà mú un jókòó síbi tí òun ti ń darí rẹ̀, ó ní kó fi rán rọ́bà ìdánrawò kan. Ó mi ìka, apá irin náà mì. Ó rọra fa òwú, apá irin náà rọra fà á.

“Ọwọ́ èèyàn náà ni,” aránṣọ náà sọ fún dókítà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọwọ́ yín ni ì bá ṣe é.”

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ó kú.

Títí dòní, bí nǹkan apanilẹ́rìn-ín bá ṣẹlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á gbójú sókè, á la ẹnu, kó tó rántí pé ẹni tí òun fẹ́ sọ ọ́ fún kò sí mọ́. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá yẹn ló dun òun jù. “Iwájú wọn ni mo wà lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń lọ.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ tètè lọ yẹ ara yín wò. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè; ẹ má sì fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn tẹ́ ẹ jọ ń jí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.