Láwàl àti Ọ̀pá Ìwọ̀ Afọlábí

Ìlara ni ó ba ayé Láwàl ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe òṣì, kì í ṣe àìsàn. Ọkùnrin yìí ní ilé, ó ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, ó ní ìyàwó rere tí ń jẹ́ Ṣẹ̀rífátù, ó sì ní ọmọbìnrin kan, Mùsílímátù. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá rí ẹja mú, ṣe ni inú Láwàl á máa run ún bí ẹni tó jẹ iṣu tí kò jinná.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, ìwọ̀ ni Láwàl fi ń pẹja lórí ọ̀sà. Òun náà ló kọ́ Afọlábí, ọmọ àdúgbò rẹ̀, níṣẹ́ náà nígbà tí bàbá ọmọ ọ̀hún kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Agbówà láti gé ọparun tí wọn yóò fi ṣe ọ̀pá ìwọ̀ tuntun. Láwàl ni àgbà, òun ló kọ́kọ́ mú. Ó mú èyí tó gùn jù, tó sì nípọn jù. Afọlábí kò kánjú. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi orí wọn kanlẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n á nà padà. Èyí tó mú gbẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, ó sì le nídìí.

Láwàl bú sẹ́rìn-ín. “Afọlábí, ọ̀pá ìwọ̀ lo ń wá ni, àbí pàṣán?”

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo lè mú lọ síbi gbogbo ni mo ń wá. Òun ni mo fẹ́ fi mú epìyà létí koríko, òun náà ni mo fẹ́ fi mú ọ̀bọ̀kún nínú ibú.”

Nígbà tí wọ́n délé, Afọlábí gbé tirẹ̀ sórí àjà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja, títí èéfín fi gbẹ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wé òwú mọ́ ọn lóríkèé-oríkèé, tó fi ọ̀dà pa á. Láwàl? Ọjọ́ kejì ló ti gbé ọparun tútù lọ sódò! Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Ọ̀pá Láwàl kò mọ̀ bí ẹja kékeré bá ń jẹ ìdẹ, bí ẹja ńlá bá sì fà á, kò tẹ̀, okùn ló ń já. Kò pẹ́ tí oòrùn fi mú un wọ́.

Fàlílátù, obìnrin tó ń ra ẹja wọn lọ tà ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára agbọ̀n Láwàl.

“Bọ̀dá Láwàl, ẹ máà bínú o,” ni obìnrin náà wí. “Ẹja Afọlábí làwọn oníbàárà mi ń bèèrè.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Láwàl wọ egungun. Ó délé, ó ń sọ pé, “Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́!”

“Ẹ ò ṣe lọ gé òmíràn?” ni Ṣẹ̀rífátù bi í. “Ṣé ọparun ti tán ní Agbówà ni?”

Láwàl pòṣé. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n onílara kì í wá kí tirẹ̀ dára. Kí tẹlòmíràn bàjẹ́ ló ń wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Afọlábí àti ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Láwàl yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé wọn. Ó tú òwú tó wà láàárín ọ̀pá Afọlábí, ó fi ọ̀bẹ gé ọparun wọ ìdajì, ó wé òwú padà, ó sì fi ọ̀dà pa á mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá wò ó kò lè mọ̀. Ó padà sílé, ó jẹun yó bí kò ti jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Afọlábí dé. Ó gbé ọ̀pá náà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Mo rí i pé ọ̀pá yín ti wọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, kò dáa kí n máa mú ẹja kí ẹ̀yin máa wò mí. Mo ti gé òmíràn, ó wà lórí àjà. Ẹ gba èyí.”

Láwàl tì í padà sí i lọ́wọ́. “Rárá, rárá, mú un lọ. Tèmi ṣì dára.”

“Bàbá Mùsílímátù, ṣé wọ́n ń kọ ẹ̀bùn ni?” ni Ṣẹ̀rífátù wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá náà, ó ń ṣàdúrà fún Afọlábí.

Gbólóhùn kan péré ì bá gba Láwàl là. Ìtìjú pa á lẹ́nu mọ́.

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí n wò ó lọ́wọ́ yín,” ni Afọlábí wí. Láwàl kò rí àwáwí kankan ṣe. Ó rò ó lọ́kàn pé etí koríko lòun máa dúró sí, níbi tí epìyà kéékèèké wà. Ṣùgbọ́n kò tíì ju ìwọ̀ sómi tán tí ọ̀bọ̀kún ńlá kan fi gbé e mì. Afọlábí ń pariwo ayọ̀ nínú ọkọ̀: “Ẹ fà á, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má jẹ́ ó lọ!” Láwàl kò rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀ rí. Ojúkòkòrò mú un gbàgbé ọ̀bẹ àná. Ó fi gbogbo agbára fà á. Ọ̀pá ṣẹ́ níbi òwú, ìdí rẹ̀ ta padà, ẹ̀rún ọparun sì wọ Láwàl lójú ọ̀tún.

Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èyí tí Láwàl fọwọ́ ara rẹ̀ gé ni kò wò lókèèrè.

Afọlábí bọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi di ojú náà. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá tó ṣẹ́ wò. Apá kan ibi tó ti ṣẹ́ rí ṣákaṣàka, apá kejì ń dán.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ ló gé ibí yìí.”

Láwàl yí orí sápá kejì.

“Ta ló wọ ilé wa lánàá?”

“Afọlábí, má bi mí mọ́,” ni Láwàl wí, ó sì bú sẹ́kún.

Afọlábí mú àjẹ̀, ó wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ní Ìkòròdú. Dókítà ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ojú náà lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbà kí Láwàl bá òun wọ ọkọ̀, nítorí ẹni tó lè gé ọ̀pá lè dá ọkọ̀ lu. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sétí ọ̀sà, tó ń fi ojú kan tún àwọ̀n aláwọ̀n ṣe. Ọwọ́ Afọlábí ni Ṣẹ̀rífátù ti ń ra ẹja ọbẹ̀. Láràárọ̀ tí Afọlábí bá ń lọ sódò, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe ló máa ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sí èjìká tó jìnnà sí Láwàl.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ kọ́gbọ́n. Bí tẹlòmíràn bá dára ju tiyín lọ, ẹ bèèrè bó ṣe ṣe é. Ọ̀nà Agbówà kò dí. Ẹ fara balẹ̀ yan ohun èlò yín, ẹ má fi ojú lásán yàn án. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ọ̀bẹ kan ohun ọmọnìkejì yín, nítorí ẹ kò mọ ọwọ́ ẹni tí yóò wà lọ́jọ́ tí yóò ṣẹ́. Láwàl ì bá pàdánù ojú kan, kó ṣì ní ọ̀rẹ́. Ìlara gba méjèèjì.