Bọ̀rọ̀kìnní àti Tábìlì Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ojú ẹni ńlá ni Bọ̀rọ̀kìnní ń wò jù. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó. Tí ẹni tó ga nípò bá ti wọlé, yóò gbàgbé ẹni tó jókòó tì í, ì báà jẹ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Kì í jalè, kì í jà. Síbẹ̀, ohun tó ṣe tí mo fẹ́ sọ yìí dun èèyàn ju olè lọ.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá wọn kú, bàbá wọn tẹ̀lé e, ó wá ku àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n yìí kò lọ sílé ọkọ títí àbúrò fi jáde ilé ìwé gíga. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ọwọ́ mi ló ti ń ra òwú. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn ni aṣọ ìnuwọ́ funfun tó ń ṣẹ́ létí fún ilé oúnjẹ àwọn Faransé kan, tó wà lókè téńté ilé gíga tó kọjú sí òkun. Òwú funfun lórí aṣọ funfun, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti ń kó o fún wọn. Kò wọ inú ibẹ̀ rí.

Fèrèsé ibẹ̀ ló gbé wọn lókìkí. Wọ́n ní téèyàn bá jókòó síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, yóò rí ibi tí odò ti ń ya wọ òkun, àwọn ọkọ̀ ojú omi, àti òkè tó dà bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ láró lódìkejì.

Nígbà tó yá, ojú ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà kò fi pamọ́ fún un: ojú náà ń lọ, oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Kò sunkún lójú wa. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mú mi lọ sídìí fèrèsé yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

"Àǹtí mi, ṣé ìyẹn nìkan? Ẹ kà á sí pé ẹ ti débẹ̀."

"Ṣé wọn ò ní lé mi? Wọ́n ní omi lásán gan-an, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Èmi ni n ó máa dá wọn lóhùn."

Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò pọ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó kan èèyàn. Bọ̀rọ̀kìnní gbà á sílẹ̀, ó dúró, ó kàn án. Àǹtí rán búláòsì tuntun fún ọjọ́ náà. Ìka ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀gá Bọ̀rọ̀kìnní yọjú sí i níbi iṣẹ́. "Mo gbọ́ pé o rí tábìlì gbà níbẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ti wá a tì. Ọ̀rọ̀ ipò igbákejì sì wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ẹnu Bọ̀rọ̀kìnní ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. "Ẹ̀yin gan-an ni mo gbà á dè, sà."

Ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí nígbà náà, mo gbé bọ́tìnì wá fún un. Ó ti múra tán, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe? Kò burú, kí wọ́n tún un ṣe dáadáa. Òótọ́ lo sọ, fèrèsé ò ní sá lọ." Ó bọ́ bàtà, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tòun ti búláòsì tuntun lọ́rùn.

Bọ̀rọ̀kìnní fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní àwo tóbi bí agboòrùn, oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó ohun tí ọmọdé á fi panu. Ọ̀gá kẹ́yìn sí fèrèsé, fóònù ló ń wò. Ìyàwó ọ̀gá ń ya fọ́tò ṣáá. Nígbà tí ọ̀gá fi aṣọ ìnuwọ́ funfun nu ọbẹ̀ wáìnì lẹ́nu, Bọ̀rọ̀kìnní rí ojú rírán etí aṣọ náà. Ó mọ ọwọ́ tó rán an.

Ó tún gba tábìlì mìíràn sílẹ̀. Kó tó kàn án, ojú Àǹtí ti lọ pátápátá. Ipò igbákejì ńkọ́? Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni wọ́n gbé e fún.

Síbẹ̀, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n fa àga fún un, ó jókòó, ó kọjú sí dígí.

"Oòrùn ń wọ̀, àbí? Ooru rẹ̀ ń kàn mí lójú. Sọ fún mi, báwo ni odò yẹn ṣe rí?"

"Omi náà... Àǹtí, ọjọ́ tí mo ní wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe..."

"Mo mọ̀. Ìyàwó ọ̀gá rẹ gbé aṣọ wá fún mi tún ṣe, ló bá fi fọ́tò yangàn fún mi. Mo ṣì ń ríran díẹ̀ nígbà yẹn. Mo gbé e mọ́jú, mo rí ẹ. Èmi ni mo rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ."

"Ẹ ò sì wí nǹkan kan?"

"Mò ń retí kí o wá sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè rí ojú rẹ." Ó fọwọ́ wá ṣíbí kàn. "Jẹun. Oúnjẹ ń tutù."

Àǹtí jẹ tirẹ̀ tán. Bọ̀rọ̀kìnní kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Àǹtí kò bú u títí dòní, ìyẹn gan-an ló ń jẹ ọkùnrin náà níyà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le. Bí ẹ bá ṣèlérí fún ẹni tó tọ́ yín, ẹ mú un ṣẹ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹ má fi àyè rẹ̀ tọrọ ojúrere lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Bí ẹ bá sì ti parọ́ fún un, ẹ tètè lọ jẹ́wọ́. Àforíjì tí Bọ̀rọ̀kìnní rí gbà ti pẹ́ jù, kò sì rí ohun tí yóò fi ṣe.