Omi Kànga Òkè-Àpárò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Aṣòfin

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé aṣòfin, àárọ̀ kùtù ni Mama Àwẹ̀ró ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá ìgò omi mọ́yà bí ọmọ tuntun. Omi kànga Òkè-Àpárò ni. Aṣojú tí kò bá mu omi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń mu, ilẹ̀kùn kò ní ṣí fún un, àga rẹ̀ yóò sì ṣófo di ọdún tó ń bọ̀.

Ìbídùn, ọmọ-ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, tí Òkè-Àpárò dìbò yàn ṣe aṣojú wọn, dé, ó kúnlẹ̀ kí i. Mama gbé ìgò síwájú ilẹ̀kùn kó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ilẹ̀kùn wí, ohùn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí ní Òkè-Àpárò gan-an. “Iná ti kan omi yìí.”

“Mo sè é, mo sì sẹ́ ẹ. Inú ọmọ yìí kò gba ìdọ̀tí láti kékeré!”

“Mama!” Ìbídùn figbe ta. “Wọ́n ti ń gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé o!”

Ojú ti ìyá àgbà. Ó fa ike kékeré yọ lábẹ́ ìborùn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń mu bọ̀ lọ́nà. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí amọ̀. Ìbídùn gbé e mì, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

“Mama, ṣé èyí lẹ ń mu?”

“Èwo ni ká tún mu, ọkọ mi?”

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìbídùn fẹ́ nu ẹnu, ìyá àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má nù ún. Wọlé lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ìtọ́wò rẹ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ.”